Ogún Inú Ilé Olódi: Ọ̀rọ̀ Lórí Géèmù Rogue Legacy

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà míì wà tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ géèmù báyìí, ọmọ tó pa iṣẹ́ ilé ìwé tì ló máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọnà ni géèmù tó bá dára, ó sì yẹ ká máa jókòó yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ fíìmù àti ìwé ìtàn wò: ibo ló ti dùn, ibo ló kù sí, ta ló sì yẹ kó ná owó rẹ̀ sí i.

Rogue Legacy ni orúkọ èyí tí mo mú wá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Kenny Lee àti Teddy Lee, ló ṣe é ní ìlú Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, lábẹ́ ilé iṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Cellar Door Games. Oṣù kẹfà ọdún 2013 ló kọ́kọ́ jáde fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí yóò fi di òpin ọdún 2018, ó ti dé orí PlayStation, Xbox, Nintendo Switch àti iPhone. Àwọn tó ṣe é fẹnu ara wọn sọ pé owó tí àwọn ná sí i kò tó 15,000 dọ́là. Ẹni tó bá mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a máa ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là sórí géèmù kan ṣoṣo á mọ̀ pé owó táṣẹ́rẹ́ nìyẹn. Ará Brazil kan, Glauber Kotaki, ló ya àwòrán rẹ̀. Gordon McGladdery àti Judson Cowan ló ṣe orin rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú géèmù yìí ti ṣẹ̀ wá á padà sí ọdún 1980, ní Yunifásítì California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí Michael Toy àti Glenn Wichman ti ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní Rogue. Ken Arnold dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ni wọ́n fi ya gbogbo nǹkan: àmì @ ni akọni, lẹ́tà ńlá, láti A títí dé Z, sì ni àwọn ẹbọra tó ń lé e kiri. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ò lè gbé e sílẹ̀, torí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń to àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ inú rẹ̀ lákọ̀tun nígbàkígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè há ọ̀nà rẹ̀ sórí. Bí akọni bá sì kú nínú Rogue, ó kú nìyẹn. Gbogbo ohun tó kó jọ bá a lọ. Ẹni tó ń ta géèmù náà, bí a ṣe ń ta ayò, yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

Ìyà yẹn pọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún ọdún gbọọrọ, àwọn díẹ̀ tó lè farada á nìkan ló ń ta irú géèmù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti wá bí wọ́n ṣe máa mú un rọrùn kí Rogue Legacy tó dé. Spelunky tí Derek Yu ṣe jáde ní 2008, The Binding of Isaac jáde ní 2011. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ Lee rò kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Wọn ò mú ikú kúrò. Wọ́n fi ogún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Rogue-lite ni wọ́n pe géèmù tiwọn, orúkọ yẹn ni ayé sì ń pe gbogbo irú rẹ̀ lónìí, títí kan àwọn tó lókìkí jù ú lọ, bí Dead Cells àti Hades.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé olódi náà. Wọ́n dá ọba lọ́gbẹ́, ọba wà láàárín ikú àti ìyè, a sì gbọ́ pé ohun tó lè wò ó sàn wà nínú ilé olódi kan tí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í bọ̀. Akọni yín mú idà, ó wọlé. Kò pẹ́ tí egungun òkú, ìwin àti àwòrán ara ògiri tó ń fò kiri fi pa á. Nígbà míì kò ní lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà náà ni géèmù náà yóò kó ọmọ mẹ́ta síwájú yín, ọmọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí ẹ mú ọ̀kan. Ọ̀kan lè jẹ́ oṣó tó ń fi oògùn jà. Ọ̀kan lè jẹ́ abara-líle tí kì í tètè kú ṣùgbọ́n tí idà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Ẹ̀kẹta lè jẹ́ awakùsà tí ìjà rẹ̀ kò dá múṣémúṣé, àmọ́ tó ń rí wúrà ju àwọn yòókù lọ. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n fi ogún dù. Èyí tí ẹ bá mú ni àrólé, òun ni gbogbo wúrà tí òbí rẹ̀ kó jọ kí ikú tó dé bọ́ sí lọ́wọ́.

Ilé ìdílé ni wọ́n ń fi wúrà náà kọ́. Lójú kọ̀ǹpútà gan-an ni ẹ óò ti rí ilé náà tó ń gbòòrò: yàrá kan yọ lápá òsì, òrùlé kan ga sí i lápá ọ̀tún. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ agbára kan fún gbogbo ìran tó ń bọ̀. Èyí á jẹ́ kí okun ara àwọn ọmọ pọ̀ sí i, èyí á jẹ́ kí idà wọn dunni ju ti baba wọn lọ, òmíràn á jẹ́ kí irú akọni tí kò sí nínú ìdílé tẹ́lẹ̀ máa bí. Alágbẹ̀dẹ wà níta tí yóò rọ ìhámọ́ra fún yín bí ẹ bá ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú àpótí. Obìnrin olóògùn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tó ń so ońdè mọ́ ìhámọ́ra: ońdè kan á jẹ́ kí ẹ tún fò nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò tíì kanlẹ̀, òmíràn á ta yín síwájú lójijì kí ẹ lè yẹ ọta.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ ni oníbodè. Ẹnu ọ̀nà ilé olódi ló dúró sí, Charon sì ni orúkọ rẹ̀, orúkọ atukọ̀ tó ń kó òkú sọdá odò nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ẹni tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi owó sí ẹnu òkú. Kí àrólé tó wọlé, oníbodè yóò gba gbogbo wúrà tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo wí. Bí ilé ìdílé bá ti ga, ẹ lè sanwó fún ohun tí yóò mú kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò ní fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láé.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ń ṣe. Kò sẹ́ni tó lè tọ́jú owó pa mọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀ nínú ìrìn kan ṣoṣo, ní ọjọ́ ayé ẹni kan. Bí yàrá tí ẹ fẹ́ kọ́ bá jẹ́ wúrà 600, tí akọni yín sì kú sórí 550, wúrà náà kò ra nǹkan kan níbi tí ẹ fojú sí. Ẹ ní láti wá ohun kékeré rà, tàbí kí ẹ kó o fún oníbodè. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ní iye kan lọ́kàn. Ẹ ti ń kú lọ, okun ara ti fẹ́ẹ̀ tán, ó ku wúrà 50, àpótí kan sì wà ní yàrá tó kàn tí ìwin mẹ́ta ń ṣọ́. Níbẹ̀ ni ọkàn ti ń lù kìkì. Láìsí oníbodè, ẹni tó ń ta géèmù yìí á kàn máa kú tí yóò máa fi wúrà díẹ̀díẹ̀ jọ ni, kò sì ní sí ìrìn kan tó ṣe pàtàkì ju òmíràn lọ. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀mí akọni kọ̀ọ̀kan níye lórí. Mo ti ta ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n fi owó tabua ṣe tí n kò rí ọgbọ́n kan tó mọ́ tó báyìí nínú wọn.

Bọ́tìnnì rẹ̀ náà dáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́, idà ti fì. Ẹ fi idà gún ìsàlẹ̀ lórí ẹbọra kan, ẹ fò sókè, ẹ tún gún òmíràn kí ẹ tó balẹ̀. Bí ẹ bá kú, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ló ṣì í. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ kátúùnù tí wọ́n fi igun mẹ́rin wínníwínní tò jọ, orí akọni tóbi ju ara rẹ̀ lọ, bó sì ṣe ń sáré pẹ̀lú aṣọ ìborùn rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́yìn ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ tuntun, ẹ óò rí àwòrán àwọn tó ti kú ṣáájú tó tò tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú orúkọ wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ óò ti ní babańlá àti ìyáńlá tó pọ̀ jọjọ, ẹ óò sì máa rántí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn: ẹni yìí ló kọ́kọ́ pa ọ̀gá ẹbọra, ẹni yìí ló ku díẹ̀ kó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tún wà nídìí orúkọ, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì ti ta géèmù yìí parí ni kò kíyè sí i. Apá mẹ́rin ni ibi tí à ń wọ̀ yìí pín sí: ilé olódi Hamson láàárín, igbó Abkhazia lápá ọ̀tún, ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Maya lókè, Ilẹ̀ Òkùnkùn nísàlẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá tilẹ̀ ń to yàrá inú wọn lákọ̀tun fún àrólé kọ̀ọ̀kan, bíi ti Rogue, apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í kúrò níbi tí wọ́n wà. Ọ̀gá ẹbọra kan ló ń ṣọ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ilẹ̀kùn wúrà ńlá tó ṣí. Orúkọ wọn ni Khidr, Alexander, Ponce de Leon àti Herodotus.

Kí ló da àwọn mẹ́rin yìí pọ̀? Herodotus ni òpìtàn ará Gíríìsì tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, tó sọ nípa ìsun omi kan ní ilẹ̀ àwọn ará Etiópíà tí ẹ̀mí wọn gùn. Ponce de León ni ará Sípéènì tó dé Florida ní 1513, tí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé omi tí ń sọ àgbà di èwe ló ń wá kiri. Alexander ni ọba Masidóníà tí ìtàn àtijọ́ sọ pé ó gba Ilẹ̀ Òkùnkùn kọjá láti wá omi ìyè, tí kò rí i mu. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń gbọ́ mi ti mọ ẹni tí ìtàn náà sọ pé ó rí i mu: Khidr ni, ẹni tí àwọn onítumọ̀ Kùránì sọ pé òun ni ẹrú Ọlọ́run tí Ànábì Músá bá pàdé nínú Súrátù Kahfi. Ọ̀rọ̀ omi ìyè ni gbogbo wọn. Láti yàrá àkọ́kọ́ ni géèmù náà ti ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wúrà fún ẹni tó bá létí. Ẹni karùn-ún tó ń dúró de yín níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ náà wá láti inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dá a fún yín. Ìwé ìrántí tí akọni kan tó ti wọ ibẹ̀ ṣáájú kọ sílẹ̀ wà káàkiri nínú àwọn yàrá. Ẹ máa kà á. Ibi tó ń mú yín lọ dunni ju bí ojú kátúùnù náà ṣe fi hàn lọ.

Èyí ni mo ka sí ìmọ̀ jíjinlẹ̀ nínú géèmù tó jọ eré lásán. Síbẹ̀, ó kù síbì kan. Ojú ńlá kan tó ń fò ni wọ́n fi ṣe Khidr. Alexander jẹ́ agbárí òkú. Mùsùlùmí tó bọ̀wọ̀ fún orúkọ Khidr lè má fẹ́ rí i lára ohun tí à ń fi idà gún, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Àwọn ọmọ Lee mọ ìtàn náà dáadáa tó láti yan orúkọ tó bára mu. Ó yẹ kí wọ́n ro ti àwọn tí orúkọ náà ṣì wà láàyè nínú ẹ̀sìn wọn.

Wàyí o, àbùkù tó wúwo jù. Inú ogún tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan náà ló ti jáde.

Bí ẹ bá ta Rogue ti 1980 tí ẹ sì jìnnà lónìí ju àná lọ, ọgbọ́n yín ló pọ̀ sí i, torí kò sí ohun mìíràn tó lè pọ̀. Nínú Rogue Legacy, ẹ óò pa ọ̀gá ẹbọra kan lálẹ́ ọjọ́ kan, inú yín á dùn, ìbéèrè kan á sì jókòó sí yín lọ́kàn: ṣé èmi ni mo mọ̀ ọ́n jà sí i ni, àbí ilé ìdílé ló lówó sí i? Géèmù náà kò lè dáhùn. Ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan á ṣẹ́gun níkẹyìn bó bá ṣáà ti ń kú tó ń bọ̀, torí pé wúrà á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ní tòótọ́ sì máa jìyà níbẹ̀rẹ̀, nítorí idà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò mú. Ẹbọra tó yẹ kó ti kú á ṣì dúró, kì í ṣe pé akọni kò mọ̀ ọ́n jà, òbí rẹ̀ ni kò fi nǹkan sílẹ̀.

Wọ́n tún wá sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí ẹ bá ti kọ́ yàrá kan, owó gbogbo yàrá yòókù á lé sí i. Mo rò pé wọ́n ṣe é kí ẹ máa ro ohun tí ẹ fẹ́ rà dáadáa, níbẹ̀rẹ̀ ó sì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí géèmù bá ti jìnnà, ẹ óò máa wọ ilé olódi nítorí àtirówó nìkan, láìní ọ̀gá ẹbọra kan lọ́kàn, láìwá ìwé ìrántí kankan. Níbẹ̀ ni eré ti ń di iṣẹ́ lébìrà. Yàrá tó yẹ kó máa ya yín lẹ́nu náà kò ní ya yín lẹ́nu mọ́, torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe yàrá kọ̀ọ̀kan, títò nìkan ni kọ̀ǹpútà ń tò wọ́n. Kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi máa dá wọn mọ̀ ní wíwọlé: èyí ni oníkòtò ẹ̀gún, èyí ni alápótí òkè. Àwọn ẹbọra náà ń padà wá, wọ́n kàn tóbi sí i ni, tàbí kí awọ wọn yàtọ̀.

Ayàwòrán-ilé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó lè bá yín dá ilé olódi dúró, kí ó wà bí òbí yín ṣe fi í sílẹ̀. Èrò dáadáa ni, torí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀gá ẹbọra kan á lè padà tààrà sí ibi tó ti kú. Ṣùgbọ́n ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wúrà tí ẹ bá rí ni ẹ óò pàdánù. Ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ń san ìtanràn, ẹni tó ń wá owó kiri kò san nǹkan kan. Ìdájọ́ yẹn kò dáa lójú mi.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí kò ní ju wákàtí kan lọ, kò ní okun láti máa pàdánù ohun gbogbo ní alaalẹ́. Bó bá rí yàrá kan kọ́ kó tó sùn, ó ti jèrè. Òótọ́ ni. Èyí gan-an ló mú kí irú géèmù yìí tàn kálẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà wà láti fi ogún fúnni tí kò ní bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ońdè obìnrin olóògùn yẹn fi hàn bẹ́ẹ̀. Ońdè tó ń jẹ́ kí ẹ fò lẹ́ẹ̀kejì kò bá yín jà. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ní láti mọ ìgbà tí ẹ máa fò. Ká ní irú ogún bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù, tí idà mímú sì kéré, n kò ní ní ẹjọ́ kankan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ń kó wá yìí kì í sábà wá lásán. Àbùdá kan tàbí méjì a máa bá wọn wá. Ọ̀kan kì í mọ àwọ̀ yàtọ̀, bí ẹ bá sì mú un, gbogbo ilé olódi á di dúdú àti funfun. Ọ̀kan kì í rí ọ̀ọ́kán, ohun tó jìnnà á máa ṣú lójú yín. Òòyì ń kọ́ ẹnì kan, ilé olódi á sì dorí kodò pátápátá, òrùlé á di ilẹ̀. Arára wà tó lè gba ihò tóóró wọ ibi tí àpótí wà tí òmìrán kò lè dé. Ẹnì kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gún inú ilẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, kì í yọ sí i. Ẹni tí kì í mọ ìrora náà wà, géèmù á sì fi iye okun tó kù lára rẹ̀ pa mọ́ fún yín, kí ẹ má ṣe mọ ìgbà tí ó fẹ́ kú.

Nínú àwọn wọ̀nyí, mo rí ohun tí n kì í sábà rí nínú géèmù. Wọn ò sọ fún yín pé ẹni yìí ń ríran lọ́nà mìíràn. Wọ́n fún yín ní ojú rẹ̀ kí ẹ fi wò. Wọn ò sì sọ arára di ẹni ẹ̀gàn, nítorí pé ọ̀nà wà tí òun nìkan lè gbà. Àwa tó jẹ́ pé ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe arára, abuké àti àfín, tí wọ́n sì kà á léèwọ̀ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, yẹ ká mọ rírì èyí.

Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ dé òpin. Fún ẹni tó ní àìsàn ìfun, ìsó nìkan ni wọ́n fún un. Fún ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé Alzheimer, wọ́n kàn yọ máàpù kúrò lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kọ orúkọ àrùn náà sí i lórí bí ohun ẹ̀rín. Ẹni tó bá ti tọ́jú ìyá tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ju máàpù lọ. Ibi tí wọ́n ti ronú nípa ohun tí àìsàn ń ṣe sí ẹni tó ni ín, géèmù náà dùn, ó sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rín nìkan, ojú ẹni tó láìsàn bẹ́ẹ̀ nílé ni wọ́n ń rín in sí.

Ó jọ pé àwọn fúnra wọn rí díẹ̀ nínú àwọn àbùkù yìí. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni èkejì rẹ̀, Rogue Legacy 2, jáde lódindi, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi èyí tí kò tíì parí lọ àwọn èèyàn láti 2020. Nínú tiẹ̀, ọmọ tí àbùdá rẹ̀ bá máa mú ìrìn náà le a máa rí wúrà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ má baà máa fi í sílẹ̀. Wọ́n tún fi ibì kan sí i tí ẹni tó ń ta á ti lè dín agbára àwọn ẹbọra kù tàbí kó sọ pé kí fífara kàn wọ́n má ṣe dun òun, tó jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, tàbí tí ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, lè rí i parí. Inú mi dùn sí èyí gidigidi. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àmọ́ ohun rírà pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ jù, mo sì ń ṣàárò bí ti àkọ́kọ́ ṣe ṣókí.

Ẹ̀yin òbí á fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yín lè ta á. Ẹ má ṣe tìtorí pé kátúùnù ni kí ẹ gbé e fún ọmọ kékeré. Ìjà idà ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ikú kò sì wọ́n. Kò sí Yorùbá nínú àwọn èdè tó ń sọ, nítorí náà ọmọ tí kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò ní mọ ìtàn inú rẹ̀. Ọmọ tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì lè ta á, kí ẹnì kan sì bá a sọ̀rọ̀ lórí àwọn àwàdà àìsàn tí mo mẹ́nu bà yẹn. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa: ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ óò sanwó. Kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, ẹ ò sì lè fi náírà ra wúrà inú rẹ̀. Ẹ fi èyí wé àwọn géèmù orí fóònù tó ń ní kí ọmọ lọ mú káàdì báǹkì bàbá rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀ fún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Cellar Door Games gbé kóòdù Rogue Legacy àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè kà á kí ó sì kọ́ nǹkan nínú rẹ̀, bí kò bá ti fi ṣòwò. Èdè C# ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwòrán àti orin kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé síta, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí géèmù náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ kà á. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ oníbodè, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to yàrá, ẹ yí iye owó padà kí ẹ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú owó tí kò tó 15,000 dọ́là. Bí ẹ bá ṣe tiyín tí ó parí, ẹ kọ̀wé sí wa níbí, ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò lórí ètò yìí.